Ẹ̀rín Kẹ́hìndé

Láyé ọjọ́sí, bí ẹ bá wọ ilé èyíkéyìí láti Ẹgbẹ́dá títí dé Àkànràn, tí ẹ gbójú sókè wo ògiri, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àgbẹ̀ kan tó ń gun àkàbà ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Àgbẹ̀ náà kò wọ pápákọ̀ òfuurufú Alákíà rí, àfi kó gba ẹ̀yìn ọgbà ibẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń lọ sóko. Aṣọ tẹ́rù ni ọkọ̀ òfuurufú yẹn. Oníṣẹ́ ọ̀dà kan ló kùn ún, inú sítúdíò Ọládòṣù ní Ẹgbẹ́dá ni wọ́n sì ta á kọ́ sí. Kóòtù tí àgbẹ̀ wọ̀, Ọládòṣù ló ni ín. Jígí ojú rẹ̀, Ọládòṣù ló ni ín. Báàgì tó gbé lọ́wọ́ bí ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwé ìròyìn àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ dán an wò, kí ẹ sọ fún ọmọ ilé náà pé bàbá àwọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ìjà dé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi, ayé ìgbà yẹn dùn. Lóde òní, fóònù ni tẹrú-tọmọ fi ń ya ara wọn. Wọ́n á ya fọ́tò bí ẹni ń da àgbàdo fádìẹ, wọn ò sì ní wo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà náà, a máa ń wẹ̀ ká tó lọ ya fọ́tò. A máa ń yá bàtà. Obìnrin á kun atíkè títí ọrùn rẹ̀ á fi funfun, á sì mí kanlẹ̀ kó tó jókòó, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá ṣe rí lójú kámẹ́rà lọ́jọ́ náà ni àwọn ọmọ ọmọ òun máa mọ òun sí.

Ọládòṣù yìí, ọmọ tíṣà ni. Onítẹ̀bọmi paraku ni bàbá rẹ̀, ó sì fẹ́ kó di tíṣà bíi tòun, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ti gba ọkàn ọmọ kó tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ó kọ́ṣẹ́ nílùú Ìbàdàn, ó padà sí Ẹgbẹ́dá, ó ṣí sítúdíò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ifẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó lágídí nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí oníbàárà bá ní, "Fọ́tò, ẹ yà mí bí mo ṣe rí," á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ rí ara rẹ̀ bó ṣe rí, kó lọ ra dígí." Òun kọ́ ló ya ọkùnrin tó jókòó sínú ìgò ni? Òun ló ya ìyàwó ilé tó gbé ara rẹ̀ kékeré lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ó ya Lìádì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítúdíò, ó sì mú kí Lìádì máa bọ Lìádì lọ́wọ́. Ìyá Lìádì kò sùn nínú yàrá tí wọ́n gbé fọ́tò náà kọ́ mọ́, ó ní òun ò mọ èyí tí òun bí nínú wọn.

Kò sí oògùn kan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọládòṣù máa ń ya ẹni náà. Lẹ́yìn náà, á wọ yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, á tan gílóòbù pupa, á fi páálí dúdú bo ìlàjì bébà, á tẹ fọ́tò kìíní sórí ìlàjì tó kù. Á wá gbé páálí sí òdìkejì, á tẹ ìkejì. Ibi tí ìlàjì méjèèjì ti pàdé ni iṣẹ́ wà. Ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìlà á hàn gbangba bí ojú àpá. Ti Ọládòṣù, ẹ lè wá ìlà náà títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọgbọ́n ọwọ́ yìí ló gbé Ìyá Ìbejì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1986, nígbà ọyẹ́. Gbọ́njúbọ́lá lorúkọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n ní gbogbo Àkànràn kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bí ìbejì. Gàrí ló ń dín, ó sì máa ń tà á dé ọjà Ẹgbẹ́dá. Kérúbù ni, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí èéfín ló wà láàárọ̀-ṣúlẹ̀. Ọládòṣù ti máa ń rí àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí wọ́n ń sáré yí agbọ̀n gàrí ìyá wọn ká, kò kàn mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé ni. Lọ́jọ́ yìí, ọmọ kan ló tẹ̀ lé ìyá wọlé, ọmọ ọdún méje, tó gbé ọwọ́ lé ara aṣọ ìyá rẹ̀.

"Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọ̀nà." Ọládòṣù yọjú sí ẹ̀yìn wọn bóyá èkejì ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó wo ojú obìnrin náà, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ó ní, "Ha, Ìyá Ìbejì. Ẹ pẹ̀lẹ́."

"Ibà ni," obìnrin náà dáhùn. "Kẹ́hìndé ló mú lọ. Táyé ló kù yìí."

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ ìbejì ṣe rí nílẹ̀ wa. Èyí tó lọ lè pe èyí tó kù. Ohun tí a bá rà fún alààyè, a gbọ́dọ̀ rà á fún èkejì rẹ̀, kó má baà rò pé wọ́n ti gbàgbé òun, kó má baà bínú wá mú ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Láyé àtijọ́, igi ni wọn ì bá gbẹ́. Ṣùgbọ́n wòlíì ti sọ fún Ìyá Ìbejì pé ère kò gbọdọ̀ wọ ilé Kérúbù. Ọgbọ́n tí àwọn èèyàn wá dá sí i nìyí: wọ́n á gbé èyí tó kù lọ sí sítúdíò, wọ́n á yà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á sì so ó pọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì ló jókòó síbẹ̀. Kò sí wòlíì tó bá fọ́tò jà.

Ọládòṣù gbé Táyé lé òpin bẹ́ǹṣì lápá òsì, níwájú ọkọ̀ òfuurufú. Ọmọ náà jókòó bí ẹni tí wọ́n ní kó máa retí ẹ̀gba. Ó yà á bẹ́ẹ̀. Ìyá pààrọ̀ aṣọ fún un, wọ́n gbé e sápá ọ̀tún, ibi tó yẹ Kẹ́hìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ọládòṣù wá rò ó pé bí ojú méjèèjì bá rí bákan náà, irọ́ á hàn nínú ẹ̀. Ó gbé kóòtù àgbẹ̀ wọ̀ ní òdìkejì, ó fi jígí sẹ́yìn orí, ó sì ń rìn padà sẹ́yìn lọ sídìí kámẹ́rà. Táyé bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ibi tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká ló hàn. Ọládòṣù tẹ kámẹ́rà.

Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́ pé kó fún òkú ní ẹ̀rín kó sì fi ìbànújẹ́ sílẹ̀ fún alààyè. Bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá gba fọ́tò, ó gbé e síta sínú ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Ó ń rẹ́rìn-ín," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá Ìbejì."

"Inú rẹ̀ dùn níbi tó wà."

"Inú rẹ̀ dùn."

"Ẹni tínú rẹ̀ bá dùn kò ní wá pe ẹnìkejì rẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì mí kanlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin.

Ọdọọdún ni wọ́n ń wá, bí Kérésì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀. Táyé lápá òsì, ojú líle. Kẹ́hìndé lápá ọ̀tún, ẹ̀rín. Eyín Táyé hù padà, ti Kẹ́hìndé náà hù. Táyé ga, Kẹ́hìndé ga. Wọ́n dirun ṣùkú, wọ́n di kojúsọ́kọ, wọ́n di ọmọge. Àwọn àlejò tó bá wá sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì ní Àkànràn a máa kí ògiri. "Kẹ́hìndé, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, o ò ṣe fún àbúrò ẹ lẹ́rìn-ín díẹ̀?" Wọ́n á wá wo Táyé tó ń gbé omi kalẹ̀ fún wọn, wọ́n á ní, "Èyí le bí ojú ẹkùn." Táyé á kúnlẹ̀, á yí padà, á lọ.

Ọládòṣù pàápàá, kí n má purọ́ fún yín, Kẹ́hìndé gbà á lọ́kàn. Ó ń ra yẹtí fún un. Òun ló yan aṣọ olódòdó fún un lọ́dún kan, ó ní Táyé lè wọ èyíkéyìí, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé fẹ́ràn òdòdó. Ta ló sọ fún un? Ó ń rò ó pé bí Kẹ́hìndé bá kàwé tán, aránṣọ ni ì bá yà, pé ọkọ rẹ̀ ì bá jẹ́ èèyàn ọlọ́yàyà. Ó tẹ ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó tò wọ́n sára ògiri sítúdíò láti ọdún kìíní lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀sán ló máa ń jókòó tì wọ́n tí á máa wò wọ́n.

Ó sì ráyè wò wọ́n dáadáa, nítorí iṣẹ́ ti ń falẹ̀. Ẹ rántí bí fọ́tò aláwọ̀ mèremère ṣe gòde? Gbogbo ọmọ tó bá ti lè gbé kámẹ́rà kékeré kọ́rùn ti di oníṣẹ́ fọ́tò. Wọ́n á ya yín níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á sáré gbé fíìmù lọ sí ibi ẹ̀rọ ní Ìbàdàn, kí ẹ tó jẹun tán wọ́n ti ń tẹ́ fọ́tò yín sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wá gun ọkọ̀ òfuurufú Ọládòṣù mọ́. Ọ̀dà ara rẹ̀ ń bó, eku ti jẹ táyà rẹ̀ kan. Bébà fọ́tò dúdú-àti-funfun wọ́n bí ojú. Èyí tó bá rí, ó ń tọ́jú rẹ̀ de Ìyá Ìbejì.

Lọ́dún 1997 ni táyà ọkọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan bẹ́ níwájú sítúdíò. Hezekiah lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nígboro Ìbàdàn. Bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà, ó wọlé wá sá fún oòrùn, ojú rẹ̀ sì bá ògiri.

"Bàbá, àwọn ìbejì yìí mà rẹwà. Ibo ni wọ́n wà?"

"Ẹyọ kan ni," Ọládòṣù fèsì. "Èkejì ti kú kí n tó ya fọ́tò àkọ́kọ́."

Hezekiah sún mọ́ ògiri. Ó ń ti orí fọ́tò kan bọ́ sí òmíràn, ó yọ dígí ojú, ó tún un wọ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Bàbá, ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe. Ẹ mú ohun tó wà, ẹ mú ohun tí kò sí bí kò ṣe nínú ọkàn, ẹ gbé wọn jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, ẹnikẹ́ni ò sì rí ibi tí wọ́n ti pàdé." Ó ní òun fẹ́ gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sínú gbọ̀ngàn kan nígboro lẹ́yìn ọdún tuntun, kí àwọn èèyàn láti òkè òkun wá wò ó. Ó bi í pé tọdún yìí ńkọ́. Ọládòṣù ní wọn ò tíì wá yà á, pé wọ́n ń bọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó pa sítúdíò dé lọ́sàn-án gangan, ó lọ jókòó síwájú ilé rẹ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Fọ́tò. Ẹnìkan kò pè é ní oníṣẹ́ ọnà rí.

Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, Táyé wọlé. Òun nìkan ni. Ó kúnlẹ̀ kí i.

"Táyé, Màmá ńkọ́?"

"Wọn ò mọ̀ pé mo wá, sà." Ó ti di ọmọ ọdún méjìdínlógún, tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ dúró sójú kan. "Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan lọ́nà Ìlọrin ti gbà mí. Màámi ní mi ò ní kúrò nílé àfi tá a bá ti ya fọ́tò tọdún yìí. Wọ́n ní bí mo bá lọ ọ̀nà jíjìn láìtu Kẹ́hìndé lójú, ó máa tẹ̀ lé mi débẹ̀ ni."

"Ìyẹn ò ṣá le. Jókòó, ká yà á."

"Mi ò yà á mọ́, sà."

Gbọ̀ngàn Ìbàdàn ni Ọládòṣù kọ́kọ́ rò, kí Ọlọ́run dárí jì í. "Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Nínú gbogbo ilé wa, kò sí fọ́tò kan tí èmi nìkan wà nínú ẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí mo wà níbẹ̀ tí kì í ṣe àwa méjì. Ẹ ya èmi nìkan. Òun ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún Màámi kí n tó lọ."

"Bí wọn ò bá gbà á ńkọ́?"

"A jẹ́ pé mi ò lọ mọ́ nìyẹn, sà. Màámi ò ní ẹlòmíì, mi ò lè bá wọn jà kí n sì fi wọ́n sílẹ̀."

Ọládòṣù ní ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí rẹ̀ fún yín: kì í ṣe ó dáa gidi. Ohun tó ń rò lọ́kàn ni pé òun á ya ojú líle kan, òun á ya ẹ̀rín kan, òun á sì so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Ìyá á rí tirẹ̀, ọmọ á rọ́nà lọ, Hezekiah á gba tirẹ̀, gbogbo ayé á sì dákẹ́.

Táyé lọ jókòó. Òpin bẹ́ǹṣì lápá òsì ló jókòó sí.

"Bọ́ sáàrin."

Ó sún díẹ̀. Nígbà tí Ọládòṣù fi máa gbójú sókè nídìí kámẹ́rà, ó ti sún padà láìmọ̀. "Àárin, Táyé." Ó tún sún, ó jókòó ṣókí bí ẹni tí wọ́n ní kó jókòó lé itan ẹlòmíì. Ọládòṣù ya ojú líle.

"Ó yá, rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Ti Kẹ́hìndé ni, sà?"

Ọládòṣù gbé ojú kúrò lára kámẹ́rà. Ọmọ náà kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ìbéèrè ló bi í, kó lè mọ apá tó yẹ kó sún sí. Ọkùnrin náà ní, "Tìrẹ ni."

Táyé gbìyànjú. Ẹnu là, ojú ò bá a lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mi ò rín in nílé mọ́ ọjọ́ ti pẹ́. Bí mo bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, Màámi á gbójú sókè wo ògiri, wọ́n á ní, 'Bí Kẹ́hìndé ṣe máa ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn.' Omi á dúró lójú wọn. Ni mo bá kúkú jáwọ́. Ilé ìwé nìkan ni mo ti máa ń rín, tàbí ibí yìí."

Ibi tí Ọládòṣù ti ń tún ìdúró kámẹ́rà ṣe ni ewúrẹ́ Lìádì ti rọra wọlé, tó ki ẹnu bọ ìdí aṣọ tẹ́rù, tó ń jẹ ìrù ọkọ̀ òfuurufú. Ọládòṣù ké mọ́ ọn, ewúrẹ́ fà, aṣọ já láti òkè, ó bo ewúrẹ́ àti Ọládòṣù pa. Gbogbo ohun tí a ń rí kò ju ọkọ̀ òfuurufú tó ń ké mẹ̀ẹ́ lọ. Táyé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Nígbà tí Ọládòṣù máa fi bọ́ nínú aṣọ, tó sáré dé ìdí kámẹ́rà, ọmọ náà ṣì ń rín, àárín gbùngbùn bẹ́ǹṣì ló sì wà. Ògiri lásán ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó yà á bẹ́ẹ̀; nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀ tí ọmọ náà tún sún sápá òsì láìmọ̀, ó tún ya ojú líle kan.

Nínú yàrá òkùnkùn, Ọládòṣù ṣe ohun tó ti pinnu. Ó fi páálí bo ìlàjì, ó tẹ ojú líle. Ó gbé páálí, ó sún bébà kí ẹ̀rín lè bọ́ sápá ọ̀tún, ó tẹ ẹ́. Nígbà tó ki bébà bọ omi, tí ojú méjèèjì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná pupa, ó rí i pé òun kò so fọ́tò tó dán tó èyí pọ̀ rí. Ó wá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó kú ló ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ayé dùn mọ́. Ẹni tó wà láàyè ló jókòó bí òkú. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tó fi ń fọ́nnu pé kò sẹ́ni tó rí ìlà òun, òun gan-an ni kò rí ohun tó wà lápá méjèèjì ìlà náà. Ó jókòó sórí àga kékeré inú yàrá náà, ojú tì í gidigidi. Nígbà tó dìde, ó gbé páálí dúdú sí kọ̀rọ̀, ó mú odidi bébà kan, ó tẹ Táyé tó ń rẹ́rìn-ín, òun nìkan.

Ọjọ́ tí wọ́n wá gbà á, ìyá àti ọmọ ló jọ wá. Táyé ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n ti ya òun, kò sọ bí wọ́n ṣe yà á. Ara Ìyá Ìbejì yá gágá. Ó gbé gàrí wá fún Ọládòṣù, ó sì ń ṣàlàyé bí wòlíì ṣe máa gbàdúrà sí ẹrù Táyé. Fọ́tò méjèèjì wà nínú dúrọ́ọ̀. Bó bá yọ èyí tó so pọ̀, kò ní sí ariwo, ọmọ á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Táyé ń wo ọwọ́ Ọládòṣù. Ọládòṣù yọ ti ẹnìkan.

Ìyá Ìbejì gbà á, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó yí fọ́tò wò lẹ́yìn, ó yí i padà.

"Táyé dà?" ó ní.

Ó gbé ojú sókè wo Ọládòṣù.

"Fọ́tò, mo ní Táyé dà? Kẹ́hìndé nìkan ni mo rí." Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọrùn ọwọ́ Táyé mú ṣinṣin. "Ẹ ti yọ ọ́. Ẹ fi èyí tó lọ sílẹ̀, ẹ wá yọ èyí tó kù fún mi. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín? Ṣé ẹ fẹ́ kó wá mú un ni?"

"Màámi," Táyé ní, "èmi nìyẹn."

"Ìwọ kọ́. Ìwọ kì í rẹ́rìn-ín."

Ọládòṣù, àgbà ọkùnrin, wólẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, òun ni. Òun ló ń rín láti ọjọ́ kìíní. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo gbé e fún Kẹ́hìndé. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí."

"Ẹ dìde nílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ rò pé orí mi dà rú ni?" Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fọ́tò. "Èmi ni mo ń wọṣọ fún un, èmi ni mo ń gbé e lé bẹ́ǹṣì yìí. Mo mọ̀ pé Táyé ló jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn, mo ní Kẹ́hìndé ló ń yá ojú àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó lè fi rín in sí mi. Ọmọ yìí kì í rín nílé. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé tirẹ̀ ni?"

"Mo ń bẹ̀rù àtirín in, Màámi. Ó máa ń pa yín lẹ́kún."

Ìyá yí padà wo ọmọ. Ó pẹ́ tó fi wò ó. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ó mà ṣe o. Táyé, ó mà ṣe o." Ó wá di ojú, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Nígbà tó là á, ẹ̀rù ti wà nínú ojú náà. "Bí ẹ̀rín bá jẹ́ tìrẹ, báwo ni ti Kẹ́hìndé ṣe rí? Mi ò rántí ojú rẹ̀. Mo ń wá a, fọ́tò nìkan ló ń wá sí mi lójú."

Ọládòṣù kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Èmi rántí," Táyé ní. "Kẹ́hìndé kì í rẹ́rìn-ín, Màámi. Èmi ni mo máa ń rín kiri ilé. Bí a bá ń jẹun tí mo bá ń rín, á fajú ro, á ní kí n ṣe jẹ́jẹ́, pé wọ́n á nà wá."

"Wọ́n á sì nà á," ni ìyá wí.

"Òun ni wọ́n máa ń nà, pé òun lẹ̀gbọ́n."

"Kò ní sunkún," Ìyá Ìbejì ní. Ọ̀rọ̀ náà ti ń tọ ara rẹ̀ wá báyìí. "Á dúró gbọn-in, á máa wo ẹni tó ń nà án. Bíi bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Òótọ́ ni. Ọmọ olójú líle ni. Kílẹ̀ tó mọ́, á ti gbá ẹ̀yìnkùlé, á wá jí ìwọ tó ò ń sùn."

Ọládòṣù rántí dúrọ́ọ̀. Ọ̀rọ̀ Hezekiah àti gbọ̀ngàn Ìbàdàn, kò tilẹ̀ sí lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ó mú fọ́tò tó so pọ̀ jáde, ó gbé e fún obìnrin náà.

Ìyá Ìbejì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tẹ́ fọ́tò lé itan. Ó fi ìka lé ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Táyé." Ìka rẹ̀ kọjá lórí ibi tí ìlà wà tí kò hàn, ó dúró lórí ojú líle tó wà lápá òsì, ojú tí àwọn àlejò ti ń bá wí láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Ó wò ó títí.

"Kẹ́hìndé," ó ní. "Kẹ́hìndé mi."

A kì í sunkún ìbejì nílẹ̀ wa, kí ẹ̀kún má baà fà á padà wá mú èkejì. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà lọ, wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ máa rẹ́rìn-ín, ó sì rín in. Láti ìgbà náà, omi kì í ju kó dúró lójú rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yìí, ní sítúdíò Ọládòṣù, ní ọ̀sán gangan, Gbọ́njúbọ́lá sunkún ọmọ rẹ̀. Ó sun ún pẹ̀lú ohùn, títí Lìádì fi pa iṣẹ́ tì wá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Táyé jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, kò ní kó dákẹ́.

Nígbà tó sun ún tán, ó fi etí gèlè nu ojú. Ó ní kí Ọládòṣù bá òun fi bébà wé fọ́tò méjèèjì dáadáa, kó má pẹ́ síbẹ̀, ẹrù Táyé ṣì wà nílẹ̀ tí àwọn ò tíì dì.